Landsort, erékùṣù kékeré ní ìpẹ̀kun omi Stockholm: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìbéèrè yín lórí erékùṣù Landsort ti pọ̀ débi pé mi ò lè máa dá yín lóhùn níkọ̀ọ̀kan mọ́, ni mo bá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan nínú yín ní ẹbí ní Stockholm tí wọ́n fẹ́ lọ kí nígbà ooru, àwọn kan ò sì níbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n kàn fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gbé orí àpáta láàrin òkun ni. Bí ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ máa wo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dáadáa, torí lójú tèmi, iṣẹ́ ló gbé èèyàn débẹ̀, bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń tán làwọn èèyàn ń ṣí kúrò.

Níbo gan-an ni Landsort wà?

Orílẹ̀-èdè Swídìn ni, ní gúúsù Stockholm, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Nynäshamn. Ká sòótọ́, Öja lorúkọ erékùṣù yẹn, abúlé tó wà ní ṣóńṣó gúúsù ẹ̀ ló ń jẹ́ Landsort, ṣùgbọ́n Landsort ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo ẹ̀ pátá, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe máa pè é. Etíkun Stockholm yẹn, erékùṣù àti àpáta ló kún ibẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ní ó tó bíi 30,000, èyí téèyàn ń gbé tọdún tọdún nínú ẹ̀ ò ju bíi 150 lọ. Landsort ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn téèyàn ń gbé, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀, òkun Baltic gbalasa ló kù. Ó gùn tó kìlómítà 4 sí 5, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín gan, ẹ lè dúró láàrin ẹ̀ kẹ́ ẹ máa rí omi lọ́tùn-ún kẹ́ ẹ tún máa rí i lósì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ nípa ibẹ̀. Òkun Baltic ò jìn rárá, tí wọ́n bá pín jíjìn ẹ̀ dọ́gba bíi mítà 55 péré ló máa jẹ́, ṣùgbọ́n ihò tó jìn jù lọ nínú gbogbo òkun yẹn, ìtòsí Landsort ló wà, orúkọ erékùṣù yìí náà ni wọ́n fi ń pe ihò yẹn, mítà 459 ló jìn sísàlẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀ láti Stockholm?

Ẹ wọ tíréènì lọ Nynäshamn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí Ankarudden ní erékùṣù Torö (afárá wà lọ sí Torö, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù), Ankarudden yẹn lẹ ti máa wọ bóòtì, orí omi ò tó wákàtí kan. Nígbà ooru bóòtì ń lọ ń bọ̀ dáadáa, nígbà òtútù ó máa ń dín kù, tí ìjì bá sì jà ó lè má wá rárá, torí náà ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò ní Landsort náà lẹ fẹ́ fò. Waxholmsbolaget ló ń darí bóòtì etíkun Stockholm, ti ìjọba ni.

Ẹni tó bá ń lọ sáwọn erékùṣù kéékèèké mìíràn lọ́nà yẹn, ẹ kọ́ èyí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: lórí ọ̀pọ̀ jẹ́tì, bóòtì kì í yà tí ò bá rídìí tó fi máa yà. Ẹ máa rí òpó kan lẹ́bàá omi tí wọ́n kan pátákó pẹlẹbẹ mọ́, ó ní okùn tàbí irin tẹ́ ẹ máa fi gbé pátákó yẹn sókè kó lè kọjú sí omi, awakọ̀ á rí i láti ọ̀nà jíjìn, á sì wá gbé yín. Tílẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì lẹ máa fi ṣẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá wọlé tán, ẹ rí i pé ẹ ti gbé pátákó yẹn sílẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó kúrò, tàbí kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀ bóòtì tó kàn á wá dúró lásán. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bínú sí àlejò gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí bóòtì yẹn ni ọjà wọn, òun ni ilé ìwòsàn wọn, òun náà ni iléèwé ọmọ wọn.

Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀?

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ látọdún dọ́dún ò tó 50. Nígbà ooru ẹ ò ní gbà mí gbọ́, torí àwọn tó nílé síbẹ̀ á ti dé, àlejò á kún, àwọn tó ní bóòtì tiwọn náà á wá so ó mọ́lẹ̀ ní èbúté. Tó bá di oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ fèrèsé ló máa ṣókùnkùn.

Ta ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n sì wá ṣe lórí àpáta?

Atọ́nà ọkọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ yìí ò lè mọ ìtàn Landsort, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi ká a. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ń bọ̀ láti òkun ńlá tó fẹ́ wọ Södertälje tàbí Stockholm, àárín àìmọye àpáta ló máa gbà kọjá, púpọ̀ nínú àpáta yẹn ló sì wà lábẹ́ omi tójú ò lè rí i, ọ̀gá ọkọ̀ tó bá gbójú lé ọgbọ́n orí ara ẹ̀ á kàn gbọ́ gbàgà nísàlẹ̀ ni, omi á sì máa wọlé. Torí náà ọkọ̀ á dúró níta, atọ́nà tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ojú omi yẹn á wa bóòtì lọ bá a, á gun òkè, á dúró ti ọ̀gá ọkọ̀, á máa sọ fún un pé ká yà sọ́tùn-ún, ká dẹ̀rìn, ká yà sósì, títí wọ́n á fi gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹnu ọ̀nà irú ojú omi bẹ́ẹ̀ ni Landsort jókòó sí, ìdí tí ọba fi ní kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ nìyẹn, ó ti lé ní 300 ọdún dáadáa.

Bàbá ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí, bí ìdílé àyàn ṣe ń jogún ìlù. Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n á gbin pòtétò díẹ̀ sáàrin òkúta, wọ́n á sin àgùntàn àti màálù mélòó kan, wọ́n á pẹja, ṣùgbọ́n owó gidi, orí omi ló ti ń wá. Nígbà tí wọ́n ṣí odò gbígbẹ́ ti Södertälje ní 1819, tí wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ ní 1924, ọkọ̀ tó tóbi lè gba ibẹ̀ wọ adágún Mälaren, iṣẹ́ sì wà fún wọn.

Ibi tó léwu jù nínú iṣẹ́ náà ni gígun ọkọ̀. Àkàbà onókùn ni wọ́n máa ń ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ sí. Bóòtì kékeré á sún mọ́ ọn, ìgbì á máa gbé e lọ sókè, á tún máa jù ú sísàlẹ̀. Atọ́nà ò gbọ́dọ̀ di àkàbà mú nígbà tí bóòtì bá wà nísàlẹ̀, torí bóòtì yẹn á tún gòkè wá bá a, á sì fún ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Á dúró títí ìgbì á fi gbé e dé òkè téńté, ìgbà yẹn gan-an ló máa fò mọ́ àkàbà, á sì sáré gùn ún kí bóòtì tó padà wá. Nínú òkùnkùn, nínú òjò yìnyín, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó ti tutù, àwọn baba wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn atọ́nà òde òní náà ṣì ń fo àkàbà bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo láyé.

Ilé iná tó wà níbẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé òun ló pẹ́ jù ní Swídìn?

Òótọ́ ni, nínú gbogbo ilé iná ọkọ̀ (ilé gogoro tí wọ́n ń tanná sí lókè kí ọkọ̀ lè mọ ọ̀nà lóru) tó ṣì dúró ní Swídìn, òun ni wọ́n kà sí àgbà. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó funfun, 1689 ni wọ́n fi òkúta kọ́ ọ, apá òkè tó pupa, 1870 ni wọ́n fi lé e. Ó wà ní òkè ibi tó ga lábúlé, ẹ máa rí i tipẹ́tipẹ́ kí bóòtì tó débẹ̀. Látijọ́ èédú ni wọ́n ń jó nínú ẹ̀, èèyàn ló sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í lóru, kó máa koná, kó máa kó eérú, torí tí iná bá kú níṣẹ́jú díẹ̀ péré ọkọ̀ lè forí sọ àpáta. Lẹ́yìn náà ni òróró dé, iná mànàmáná náà dé, nígbà tó sì yá ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná yẹn fúnra ẹ̀, kò nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ mọ́. Bó ṣe rí níbi gbogbo ní etíkun Swídìn nìyẹn, ìdílé àwọn tó ń ṣọ́ iná kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ohun tó mú orúkọ Landsort wọ etí gbogbo ará Swídìn ni rédíò. Ètò kan wà tí wọ́n fi ń ka ojú ọjọ́ òkun fáwọn awakọ̀ omi, wọ́n á máa dárúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó níbẹ̀, bí ojú ṣe ríran tó, Landsort sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n máa ń kà. Ẹni tí ò dé etíkun rí láyé ẹ̀ á sọ fún yín pé òun mọ Landsort.

Ṣé ogun dé ibẹ̀ rí?

Ogun dé ibẹ̀ o. Ní ìgbà ooru 1719, nígbà tí Swídìn àti Rọ́ṣíà ti ń jagun fún nǹkan bí ogún ọdún, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà wọ etíkun yìí, wọ́n sì sun ún láti òkè Stockholm títí dé Norrköping nísàlẹ̀. Ilé, oko, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n dáná sun, ìlú Södertälje jó, Trosa jó, Nyköping jó, Norrköping náà jó. Àwọn ará erékùṣù sá wọgbó pẹ̀lú màálù wọn. Ọdún 1721 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá ń bi àwọn ará erékùṣù yẹn ní ìtàn ilé wọn, ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà sun ún.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìbọn ò dún, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jùyẹn lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń wo ara wọn bí ológbò àti ajá, Swídìn ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ra ìhámọ́ra lábẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 wọ́n gbẹ́ inú àpáta Landsort, wọ́n gbé ìbọn àgbá mẹ́ta síbẹ̀, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 12, ọta ẹ̀ lè lọ ju kìlómítà 20 lọ lórí omi. Ohun tẹ́ ẹ rí lókè kéré, nísàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà: àjà lórí àjà, ibùsùn àwọn ọmọ ogun, ilé ìdáná, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí májèlé tàbí bọ́ǹbù átọ́míìkì má bàa pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó wá bá wọn jà. Ọdún 2000 ni wọ́n tú ẹgbẹ́ ológun etíkun yẹn ká, wọ́n sì ti ṣí ibi ìbọn kan sílẹ̀ fáwọn àlejò, tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má padà láìwọ ibẹ̀, ẹ kàn mú ẹ̀wù òtútù dání torí inú àpáta máa ń tutù kódà nígbà ooru.

Àsìkò yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ abẹ́ omi ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1981 ọkọ̀ abẹ́ omi Soviet kan lọ há sórí àpáta nítòsí Karlskrona, gbogbo ayé rí fọ́tò ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, oṣù kẹwàá náà, àwọn ológun Swídìn ní àwọn tún gbúròó òmíràn ní Hårsfjärden, kò jìnnà sí Landsort, wọ́n ju bọ́ǹbù sómi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n tún yin bọ́ǹbù tí wọ́n rì sómi ní Mälsten, erékùṣù kékeré tó jẹ́ aládùúgbò Landsort. Wọn ò rí ọkọ̀ kankan mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá àjèjì lè lọ síbẹ̀: lónìí, bẹ́ẹ̀ ni, fàlàlà. Láyé ìgbà yẹn, rárá o. Apá etíkun yẹn jẹ́ ibi ààbò, pátákó ńlá wà létí omi tí wọ́n fi oríṣiríṣi èdè kọ pé àjèjì ò gbọ́dọ̀ kọjá ibí. Inú àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń ga sókè lọ́dọọdún. Ṣé kì í ṣe irọ́?

Kì í ṣe irọ́. Láyé ọjọ́un, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà méjì mẹ́ta ló bo gbogbo ilẹ̀ yẹn, ìwúwo ẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọlẹ̀. Yìnyín ti yọ́ tipẹ́, ilẹ̀ ṣì ń gbéra padà díẹ̀díẹ̀, ní agbègbè Stockholm bíi mílímítà 4 sí 5 lọ́dún, lápá àríwá Swídìn ó tó bíi 8. Ẹ máa ní kí ni mílímítà, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ fún 500 ọdún kẹ́ ẹ wò ó: ó ti ju mítà méjì lọ. Ibi tí bàbá ńlá wọn ń so bóòtì mọ́, koríko ti hù síbẹ̀. Láti 1886 ni wọ́n ti ń wọn gíga omi ní Landsort, àkọsílẹ̀ yẹn wúlò gan fáwọn tó ń ṣèwádìí òkun, pàápàá báyìí tí omi òkun gbogbo ayé náà ń ga, tí òun àti ilẹ̀ jọ ń díje.

Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Ṣé ẹja pọ̀?

Ẹja ṣáwá ni olórí. Ṣáwá ti òkun Baltic kéré sí èyí tẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jà, torí omi yẹn ò níyọ̀ púpọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ bíi giráàmù 6 sí 7 ni nínú lítà kan, nígbà tí ti òkun ńlá jẹ́ bíi 35. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i sínú àgbá fún ìgbà òtútù, wọ́n á yan án lóèéfín, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan pẹ̀lú ṣúgà àti àlùbọ́sà, wọ́n á yí i mọ́ ìyẹ̀fun kí wọ́n dín in, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú pòtétò. Èyí tí wọ́n dín yẹn dùn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹja díndín, kẹ́ ẹ wá ata mú dání ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin wà nínú ẹja olóràá òkun Baltic, ìjọba Swídìn sì kìlọ̀ pé kí ọmọdé àti obìnrin tó ṣì ń bímọ má jẹ ṣáwá Baltic ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ọ̀rọ̀ májèlé yìí ti pẹ́. Ní 1966 onímọ̀ kan, Sören Jensen, ló rí kẹ́míkà PCB nínú ẹran àti ẹyẹ òkun yẹn, ara idì etíkun wà lára ohun tó yẹ̀ wò. Ẹyin idì ò pa mọ́, síìlì (ẹran inú omi olóràá tó máa ń sùn lórí àpáta) ò lóyún mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá síìlì aláwọ̀ eérú ń lọ sí bíi 100,000 ní Baltic, nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970 ọdẹ àti kẹ́míkà ti sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Wọ́n fòfin de kẹ́míkà yẹn, idì padà wá, síìlì náà padà, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ apẹja kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀: síìlì á wọ inú àwọ̀n, á jẹ ikùn ẹja, á fi orí sílẹ̀, á sì ya àwọ̀n. Ẹni tó ń fi ẹja nìkan jẹun níbẹ̀ lónìí ò pọ̀ mọ́ rárá.

Okporoko tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ṣé ibẹ̀ ló ti ń wá?

Rárá, Nọ́wè ni tiyẹn, pàápàá Lofoten lókè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sá a sínú afẹ́fẹ́ tútù. Òkun mìíràn pátápátá ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe nígbà òtútù?

Nínú oṣù kejìlá oòrùn ò ju bíi wákàtí 6 lọ, nígbà tó jẹ́ pé nínú oṣù kẹfà ó lé ní wákàtí 18. Òkùnkùn yẹn le ju òtútù lọ, ohun táwọn Yorùbá tó ń gbé Swídìn náà ń sọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ lójoojúmọ́.

Yìnyín wá ni ọ̀rọ̀ ńlá etíkun yẹn. Lọ́dún tí òtútù bá mú gan-an omi á dì láàrin àwọn erékùṣù, wọ́n á rìn lórí ẹ̀, látijọ́ ẹṣin ń fa ẹrù kọjá lórí ẹ̀. Ìgbà tó burú ni àárín méjèèjì, nígbà tí yìnyín ti nípọn jù fún bóòtì kékeré, tí kò sì tíì le tó ohun téèyàn lè tẹ̀. Ẹni tó bá ń sàìsàn lásìkò yẹn láyé àtijọ́, Ọlọ́run nìkan ló kù fún un. Ará erékùṣù kì í tẹ yìnyín lásán, á mú ọ̀pá tó ní irin lẹ́nu dání, á máa fi gún iwájú ẹ̀ bó ṣe ń lọ, tí ọ̀pá bá gún un já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó yí padà. Á tún fi okùn kọ́ irin ṣóńṣó méjì mọ́rùn bí ẹ̀gbà. Tó bá jábọ́ sómi, kò ní gbìyànjú àtilọ síwájú, á kọjú síbi tó ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni yìnyín ti gbé e tẹ́lẹ̀, á gún irin méjèèjì mọ́ yìnyín, á máa ju ẹsẹ̀ nínú omi, á fa ara ẹ̀ jáde, á sì yí gbirigbiri kúrò níbẹ̀ kó tó dìde. Lóde òní yìnyín ò dì bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ọdún mìíràn Landsort ò rí yìnyín òkun tó ṣe é rìn rárá.

Ọmọ ńkọ́? Dókítà ńkọ́?

Ní àwọn erékùṣù kéékèèké, bóòtì ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tí ìjì bá ní kò sí bóòtì, kò sí iléèwé nìyẹn. Tí àìsàn bá dé lójijì, 112 ni wọ́n máa pè, hẹlikọ́pítà á wá tàbí bóòtì. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń gba èèyàn là lójú omi, Sjöräddningssällskapet, láti 1907 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn tó ń bá wọn ṣe é ò gbowó, èèyàn á wà lórí oúnjẹ, fóònù á dún, á fi síbí sílẹ̀, á sáré lọ wọ bóòtì. Ibùdó wọn lé ní 70 káàkiri Swídìn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Òkúta tí wọ́n tò yípo bí ìgbín yẹn, ta ló tò ó?

Ó wà ní Landsort, irú ẹ̀ lé ní 300 ní Swídìn, etíkun ni púpọ̀ wà. Wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà tó ń yí po títí dé àárín. Ohun tí wọ́n sọ ni pé apẹja á rìn ín kó tó lọ sódò, kí afẹ́fẹ́ búburú tó ń tẹ̀ lé e lè sọnù sínú ẹ̀, á sì sáré jáde lọ wọ bóòtì. Ẹ rìn ín o, ẹ má kàn ṣí òkúta kankan nídìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹyẹ ibẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa?

Òótọ́ ni. Ẹyẹ tó ń fò kọjá Baltic máa ń bà sí ṣóńṣó Landsort, torí ilẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ilẹ̀ ìkẹyìn tí wọ́n máa rí nìyẹn, ibùdó tí wọ́n ti ń fi òrùka sẹ́sẹ̀ ẹyẹ sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ta àwọ̀n tíntìntín sáàrin igbó, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fa ẹyẹ yọ jẹ́jẹ́, á fi ìka méjì gbá ọrùn ẹ̀ mú láìfún un, á fi irin ìdi-mú kékeré pa òrùka mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ ikùn ẹ̀ kó lè rí bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lábẹ́ awọ, á wọ̀n ọ́n, á tú u sílẹ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò wúwo ju bíi giráàmù 8 sí 10 lọ, tó ń kọrin bí ẹni ń tú nǹkan sílẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀, lövsångare ni wọ́n ń pè é. Nígbà òtútù ìhà tiwa nílẹ̀ Áfíríkà ló ń lọ, ó ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ náà ń rìnrìn àjò bẹ́ẹ̀, ní Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù máa ń sùn lórí koríko òkè lọ́pọ̀ yanturu nígbà ọyẹ́.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń lọ tí ibẹ̀ bá dára tó báyìí? Ṣé mo lè ra ilé níbẹ̀?

Ẹ ti rí i: iná ń tan ara ẹ̀, àwọn ológun ti kó lọ, bóòtì atọ́nà ti ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára, ọ̀nà jíjìn ò tún jẹ́ nǹkan kan. Ohun tó tún wá dá kún un ni ilé. Láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá làwọn olówó Stockholm ti ń ra ilé onípákó pupa yẹn fún ìsinmi, owó ilé ga, owó orí ilé náà sì ga tẹ̀ lé e, ó wá di pé apẹja tó jogún ilé bàbá ẹ̀ ò lè san owó orí ẹ̀. Ní 2008 ìjọba pa owó orí yẹn rẹ́, wọ́n fi owó kékeré tó ní gbèdéke rọ́pò ẹ̀, ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù fáwọn mìíràn. Òfin tún wà pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ́lé tuntun sí etí omi láàrin mítà 100 láìgbàṣẹ.

Ẹ lè ra ilé níbẹ̀ bí ẹ bá lówó, òfin Swídìn ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ erékùṣù. Èrò tèmi ṣá, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé síbẹ̀ gbé ibẹ̀. Tí ilé mẹ́wàá bá ṣófo fún oṣù mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀bù ò ní rí oníbàárà, iléèwé ò ní rí ọmọ, ìjọba á sì béèrè ìdí tí òun fi ń rán bóòtì. Ìdílé kan ṣoṣo tó ní ọmọ kéékèèké wúlò fún erékùṣù yẹn ju ilé ìsinmi púpọ̀ lọ. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lè gbé ibẹ̀ báyìí, ìrètí tí mo ní nìyẹn.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Àwọn tó fẹ́ràn ayẹyẹ, ẹ lọ nígbà Midsommar, ọjọ́ Jímọ̀ tó bá bọ́ sáàrin 19 sí 25 oṣù kẹfà. Wọ́n á fi ewé àti òdòdó bo òpó gíga, wọ́n á nà án ró, tọmọdé tàgbà á máa jó yí i ká, oúnjẹ wọn ni ṣáwá rírẹ, pòtétò tuntun àti strawberry. Tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí o, wọ́n ti sọ ilé gogoro àwọn atọ́nà di ibi téèyàn lè sùn, yàrá ẹ̀ ò sì pọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ẹyẹ, oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án ló dára.

Ṣé mo lè pàgọ́ sórí àpáta láìgbàṣẹ?

Ní Swídìn ẹ̀tọ́ wà fún gbogbo èèyàn láti rìn nínú igbó àti láti pàgọ́ sùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kódà ó wà nínú ìwé òfin ńlá wọn láti 1994. Ẹ má ṣe sún mọ́ ilé onílé, ẹ ka pátákó tó wà níbẹ̀ torí ibòmíràn ní òfin tiẹ̀, ẹ má dáná sórí àpáta nítorí iná máa ń la òkúta yẹn, ẹ má sì gúnlẹ̀ sórí àpáta ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá ń yé ẹyin. Omi mímu náà, ẹ gbé tiyín dání. Kànga ò pọ̀ lórí àwọn erékùṣù, tí wọ́n bá fà á jù nígbà ooru omi iyọ̀ á wọ inú ẹ̀, ẹ má lọ fọ aṣọ sídìí kànga wọn.

Ohun tó kẹ́yìn, eégbọn. Ó pọ̀ nínú koríko etíkun Stockholm, ó sì ń gbé àìsàn méjì kiri. Ọ̀kan ń jẹ́ TBE, ó ń mú ọpọlọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ kó gbà á kó tó lọ. Èkejì ni Borrelia, abẹ́rẹ́ yẹn ò dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n oògùn wà fún un tẹ́ ẹ bá tètè rí dókítà. Wọ ṣòkòtò gígùn, ki etí ẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ara yín àti ara ọmọ wò lálaalẹ́, abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún, ìdí irun. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi irin kékeré gbá a mú nídìí pẹ́kípẹ́kí mọ́ awọ, ẹ fà á yọ gbọọrọ. Tí pupa bá wá ń tàn bí òrùka níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.